Orí Gbogbo Wa Ni Ó Ń Gba Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu

   Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín kò tíì fọ ẹsẹ̀ kí ó tó wá jókòó síhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí ènìyàn ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kọ́ náà kò fi ní sá kúrò lórí rẹ̀. Ìyá kan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ìyá yìí ń ta gààrí àti ẹ̀wà. Ní ọjọ́ kan ó dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó ní: “Ọmọ mi, má bínú sí mi. Èmi kò ní wá mọ́. Orí mi kì í ṣe orí ìwé. Ohun tí mo bá fi etí gbọ́ nìkan ni mo máa ń mọ̀.”

Mo bi í pé: “Ìyá, ènìyàn mélòó ni ó jẹ yín lówó báyìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó dárúkọ ènìyàn 21. Ó sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ. Ó sọ ọjọ́ ọjà tí oníkálukú wá gba ọjà àwìn. Kò wo ibì kankan, kò sì ṣi ẹyọ kan sọ. Ẹ gbọ́ o, ṣé orí tí ó gbé gbèsè ènìyàn 21 ni kò ní lè gbé lẹ́tà 25?

Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyá náà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sọ fún wa pé oríṣi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni ẹni ojú: ohun tí ó bá rí ni ó ń mọ̀. Èkejì ni ẹni etí: ohun tí ó bá gbọ́ ni ó ń mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni ọwọ́: àfi kí ó fi ọwọ́ ṣe nǹkan kí ó tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí olùkọ́ wá irú ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́, kí ó sì kọ́ ọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo gbà á gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́, mo pín kíláàsì mi sí mẹ́ta. Àwọn ẹni ojú jókòó sí iwájú pátákó. Àwọn ẹni ọwọ́ ni mo fún ní ẹfun láti máa kọ̀wé, àti òkúta wẹ́wẹ́ láti máa fi ka oòkà. Àwọn ẹni etí jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń wí tẹ̀lé mi. Inú mi dùn sí ètò náà. Ìyá elẹ́wà wà lára àwọn ẹni etí. Fún oṣù mẹ́rin, n kò fi ẹfun lé e lọ́wọ́ rí. Báwo ni ó ṣe máa mọ̀ ọ́n kọ?

Bàbá kan tún wà lára àwọn ẹni etí náà. Ó ti lé ní 50 ọdún. Bí mo bá fún un ní ìwé, yóò na apá rẹ̀ tán, yóò gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, yóò wò ó títí. Lẹ́yìn náà yóò wí pé: “Olùkọ́, kà á fún mi kí n gbọ́.” Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni etí ni bàbá yìí, kò sí àní-àní. Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó fẹ̀yìn tì láti ibi iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ wá kí i. Ọ̀rẹ́ náà ní awò ojú tí ó fi ń kàwé. Bàbá gba awò náà, ó fi í sójú láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó gbé ìwé. Ó ka ìlà kan, ó ka èkejì, ó ka ẹ̀kẹta. Gbogbo wa dákẹ́.

Bàbá kì í ṣe ẹni etí rárá. Ojú rẹ̀ ni kò rí ohun tí ó wà nítòsí mọ́. Ohun tí ó máa ń ṣe ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni, bí wọ́n bá ti kọjá 40 ọdún. Ẹni náà yóò máa rí ẹyẹ lórí ìrókò, ṣùgbọ́n kò ní rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń na apá kí ẹ tó lè kàwé, tí ọmọ sì ń bá yín fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sọ pé orí yín kò gba ìwé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ojú yín wò. Kí ẹ tó rí awò, ẹ máa kàwé ní ọ̀sán, níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Àtùpà alẹ́ kò ran irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ ojú, etí àti ọwọ́ yìí. Mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni ó tàn. Ó tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 1992, Neil Fleming, olùkọ́ kan ní New Zealand, gbé àwọn ìbéèrè jáde tí ènìyàn lè dáhùn láti mọ ọ̀nà tí òun fẹ́ràn láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ìbéèrè wọn rọrùn. Bí a bá kọ́ ẹni tí a pè ní ẹni etí pẹ̀lú etí, ǹjẹ́ ó ń mọ̀ ọ́n ju ìgbà tí a bá kọ́ ọ pẹ̀lú ojú lọ? Wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó láti fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ènìyàn lè fẹ́ràn ọ̀nà kan ju òmíràn lọ. Èmi fẹ́ràn iyán ju ọkà lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ọkà, mo máa ń yó.

Kì í ṣe pé orí gbogbo wa dọ́gba o. Ẹnì kan ti mọ oòkà láti ìdí ọjà, ẹnì kan kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní àyè láti kàwé ní àárọ̀, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kò ní in. Ẹnì kan ti lọ sí ilé ìwé ní kékeré, wọ́n nà án, ó sá, ẹ̀rù ìwé ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní. Ìwọ̀nyí ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó fi kọ́ nǹkan, nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Ta ni ó fi etí kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn rí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: igba, ìgbà, igbá, ìgbá. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn ní. Èkíní ni oòkà 200. Èkejì ni àsìkò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi ń mu omi. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a ń sè lọ́bẹ̀. Etí ni ó máa sọ fún yín pé ohùn wọn yàtọ̀. Ojú ni ó máa rí àmì. Ọwọ́ ni ó máa fi àmì náà síbi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi méjì sílẹ̀, yóò pe igbá ní ìgbà.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ awo. Odù Ifá jẹ́ 256, ojú odù 16 ni ó ṣáájú wọn. Ọmọ awo ń fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Ó ń wo àmì náà. Ó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀. Ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ kì í padà. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé babaláwo kan pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí mẹ́ta bí èmi ti ṣe.

Ẹ wo ilé kéú náà, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ṣakété. Wọ́n fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sára wàláà. Ọmọ náà ń kà á sókè, ó ń kà á sókè. Bí ó bá sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, yóò lọ síwájú ààfáà, yóò kà á láìwo wàláà. Bí ó bá kà á dáadáa, wọ́n ó fi omi fọ wàláà náà, wọ́n ó sì kọ òmíràn sí i. Ní Kétu wa níbí, àgbà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn ìlú lórí, kí ó sì sọ ọ́ nígbà tí ọba tuntun bá jẹ. Kò gbọdọ̀ ṣì í sọ.

Kí ni ó pa ọmọ awo, ọmọ kéú àti àgbà yìí pọ̀? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń wo nǹkan nìkan. Gbogbo wọn ń fa ọ̀rọ̀ jáde láti inú. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyẹn. Ẹni tí ó ń wo inú kànga kò tíì pọn omi.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, a ó ṣí ìwé, a ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó ti ń yọ̀ lẹ́nu. A ó wí pé: “Mo ti mọ̀ ọ́n.” Irọ́ ni. Ìwé ni ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àwa. Àwọn mìíràn ń da ìwé kọ. Wọ́n ó da ojú ìwé kan kọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọn kò ní gbé orí sókè. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, orí ń sùn.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan kà á ní ìgbà mẹ́rin. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kejì kà á ní ìgbà kan, kí wọ́n gbé ìwé náà kúrò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí, ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó ń kà á léraléra ni ó borí. Bí a bá pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà 100, wọ́n rántí 83, àwọn ẹgbẹ́ kejì rántí 71. Ẹ dúró o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ó kà á léraléra kò rántí ju 40 lọ. Àwọn tí wọ́n gbé ìwé kúrò níwájú wọn rántí 61.

Ẹ rí i bí ó ti ń tan ènìyàn? Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kà á, ó máa dà bí ẹni pé kíkà léraléra ni ó dára. Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni ẹ máa mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ka ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Ẹ pa ìwé dé. Ẹ sọ ohun tí ẹ kà sókè, fún ọkọ, fún ìyàwó, fún ewúrẹ́ pàápàá bí kò bá sí ẹlòmíràn. Ẹ fi ìka kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le nínú wọn sórí iyanrìn, ẹ má wo ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ wo ibi tí ẹ ti ṣì. Ibi tí ẹ bá ti ṣì, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ tún un ṣe.

Bí ọmọ ilé ìwé bá wà nílé, ẹ fi ìwé lé e lọ́wọ́, kí ó máa pe ọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń ti àgbà lójú kí ọmọ máa bi í ní ìbéèrè. Obìnrin kan ní abúlé kejì ti wá ọgbọ́n sí i. Ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ní alaalẹ́ pé: “Wá, jẹ́ kí n wò ó bóyá o mọ̀ ọ́n kà.” Ọmọ ń kà, ìyá ń kọ. Ta ni ó ń dán ta wò? Ọ̀rọ̀ ilé wọn nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Àgbẹ̀ kan wà ní apá Ṣábẹ. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ tán, ó gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n pa àkùkọ fún un. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí àjà. Ọdún méjì kọjá, kò ka ìlà kan. Ọjọ́ wíwọn òwú dé. Òṣùwọ̀n fi kílò 196 hàn. Ẹni tí ó ń kọ ìwé ìwọ̀n kọ 169. Bóyá ó ṣèèṣì ni, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, èmi kò sí níbẹ̀. Bàbá wo ìwé náà. Ó rí 1, ó rí 6, ó rí 9. Kò dá a lójú mọ́ èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ojú tì í láti béèrè níwájú ogunlọ́gọ̀. Ó ká ìwé náà sápò. Nígbà tí wọ́n délé ni ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e wí pé: “Bàbá, ohun tí mo rí lójú òṣùwọ̀n kọ́ nìyí.” Owó kílò 27 òwú ti lọ. Gbogbo òógùn tí ó wà nínú kílò 27, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú ni ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Orí bàbá yẹn kò burú. Ó gbàgbé bí gbogbo ènìyàn ti ń gbàgbé ni. Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wọn ìgbàgbé lórí ara rẹ̀. Ó ń há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń padà wò wọ́n láti mọ iye tí ó kù. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1885. Lẹ́yìn wákàtí kan péré, bí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n padà, ó ní láti tún ju ìdajì iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹfà títí di oṣù kan, ohun tí ó tún sọnù kò pọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ń yára jò. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni a gbọ́dọ̀ dí i.

Ọjọ́ ọjà wa ni ẹ ó fi máa rántí. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá kọ́ lónìí, ẹ fà á jáde láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó lọ sóko. Ẹ tún un fà jáde ní ọjọ́ ọjà tí ó bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ìtàdógún. Lẹ́yìn náà, di ìgbà tí oṣù mìíràn bá lé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lẹ́ẹ̀kan. Yóò nira díẹ̀ láti rántí, ẹ má bẹ̀rù ìnira náà, òun ni ó ń mú un dúró. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ẹ̀kọ́ jọ di òru ọjọ́ ìdánwò, yóò lè yege, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé. Ẹ sì jẹ́ kí oorun kùn yín, nítorí nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ ní ọ̀sán sí àyè rẹ̀.

Nínú oòkà, ẹ má ṣe ìròpọ̀ lónìí kí ẹ fi ìyọkúrò di oṣù tí ń bọ̀. Ẹ dà wọ́n pọ̀. Oníbàárà kì í sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ìyọkúrò ni òun gbé wá.

Ìyá elẹ́wà kò lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fi ẹfun lé e lọ́wọ́. A kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó ni ó kọ́kọ́ kọ, ọ̀kan lálẹ́ kan. Ó ṣì ń kọ g níbi tí ó yẹ kí ó kọ gb, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní ọjà àná, ọkùnrin kan bá a jiyàn lórí owó ẹ̀wà. Ìyá na ìwé sí i. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n kà, ó ní kí ìyá kà á fún òun. Ìyá kà á. Ó san án.

Ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mú ìwé wá síhìn-ín. Èmi yóò na ẹfun sí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ ó sì kọ igba, ìgbà, igbá àti ìgbá sí ojú pátákó. Àwọn tí ó ń na apá kàwé, ẹ dúró dè mí báyìí, kí n kọ orúkọ yín, kí a lè jọ mú ọjọ́ tí a ó lọ sí ilé ìwòsàn.